Bààlúù rìmóòtù 55cc ti dé nínú páálí: ṣé ká kàn dè é ni, àbí ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bààlúù alátàkìtì kan ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, èyí tó ń lo pẹtiróòlù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ DLE 55RA, apá rẹ̀ láti orí kan dé ìkejì ń lọ sí mítà 2.2. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kan igi rẹ̀, wọ́n sì ti fi ike aláwọ̀ bò ó. Ẹni tó tà á fún mi ní iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni: dè é, rọ epo sí i, ó ti fò nìyẹn. Ẹlòmíì ní kí n má tíì de nǹkan kan, kí n kọ́kọ́ yẹ gbogbo ojú gúlúù inú rẹ̀ wò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa ní ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo "I better pass my neighbour" náà ni kí n lò, ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bátìrì mélòó ló yẹ kó wà nínú rẹ̀? Mo ti gbọ́ méjì, mo ti gbọ́ mẹ́ta, ẹnì kan sì ní ẹyọ kan tó.

* * *

Ẹyẹ Ìpẹru

Ọ̀sán kan kẹ̀? Ọjà ló ń tà. Àbúrò, yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó de ohunkóhun, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó, ọwọ́ rẹ ò ní ráyè wọ ibẹ̀ mọ́.

Atẹ́gùn kọ́ ló ń ba irú bààlúù yìí jẹ́, gbígbọ̀n ni. Sìlíńdà ẹyọ kan tó ń yí abẹ̀bẹ̀ 22x8 tàbí 23x8 (ínǹṣì 22 tàbí 23 ni gígùn rẹ̀) máa ń gbọn igi bí ẹni ń jọ gààrí. Ojú gúlúù tí kò kún á máa là díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ike, o ò ní rí i, àfi lọ́jọ́ tí pátákó iwájú bá já tòun ti ẹ́ńjìnnì.

Fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ojú ihò apá. Ibi tó yẹ kó o wò ni pátákó iwájú tí ẹ́ńjìnnì máa dè mọ́, pátákó tí ẹsẹ̀ táyà máa dè mọ́, ibi tí ọ̀pá apá gbà la inú ara kọjá, àti igi tí servo, mọ́tò kékeré tó ń yí etí apá àti ìrù, máa jókòó lé. Ti ẹsẹ̀ táyà yẹn ni kó o wò dáadáa jù. Orí koríko tó rí gbágungbàgun ni a ń bà sí níbí, kì í ṣe orí ọ̀dà, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń tú. Fi ìka tẹ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń dún, tàbí tó o bá rí ibi tí igi méjì ti pàdé tí gúlúù kankan ò yọ létí wọn, kò ní gúlúù tó.

Epoxy (gúlúù onípò méjì) tó ń le ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kó o lò, má lo ti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ìṣẹ́jú márùn-ún ti ń le kó tó ráyè wọnú igi. Gbé ike epoxy méjèèjì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fúngbà díẹ̀ kó o tó pò ó, á ṣàn wọ igun fúnra rẹ̀. Fi sáńpépà ha igi náà, fi spirit nù ún, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn pátákó iwájú níbi tó ti pàdé ìhà méjèèjì ara bààlúù. Gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

* * *

Jẹnẹrétọ̀ Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo gbà fún yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà lọ da odidi ike epoxy sínú bààlúù. Gbogbo rẹ̀ pátá láìsí epo, ó yẹ kó wà láàárín kílò 7 sí 8. Gúlúù tó pọ̀ níwájú kò burú jù. Èyí tó bá pọ̀ ní ìrù ni ìyà, torí ìrù jìnnà sí ibi tí bààlúù ti ń dọ́gba. Gíráàmù kan tó o fi síbẹ̀, o máa fi ju gíráàmù kan lọ san án padà níwájú.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wá kàn. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kò parọ́ tán. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò ní ọ́ìlì nísàlẹ̀, inú epo ni ọ́ìlì wọn ti ń wá. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ń yí ní nǹkan bí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan ló jókòó sí, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹ nígbà gbogbo. Ti bààlúù ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ tó bá ń sáré tán, inú ìbòrí ló sì há sí. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá tàbí ike tí kò ní orúkọ, ẹ fi sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Ra ọ́ìlì two-stroke tí wọ́n kọ JASO FC tàbí FD, àmì òdiwọ̀n ọ́ìlì ti Japan, sára agolo rẹ̀.

Ìwọ̀n tí DLE tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ ni 30:1. Lítà epo kan gba mílílítà 33, lítà márùn-ún gba 167. Sírínjì láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísí ni kó o fi wọ̀n ọ́n, má fi ìdérí ike wọ̀n ọ́n. 50:1 tí àwọn kan ń pò fún jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 100 péré nínú lítà márùn-ún. Ìyẹn kéré fún ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ̀wẹ̀, má sọ pé o fẹ́ ṣàánú rẹ̀ kó o wá pò ó ní 20:1. Plọ́ọ̀gì á dọ̀tí, ọ́ìlì tó pọ̀ náà á sì gba ààyè epo nínú kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa jó gbígbẹ, á sì gbóná.

Ẹ sẹ́ epo náà kó tó wọ táńkì. Epo tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì máa ń ní omi nísàlẹ̀, torí náà má da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sí i rárá. Kábúrétọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú ti jẹnẹrétọ̀ tó ní abọ́ epo nísàlẹ̀. Irú ti ẹ̀rọ agégi ni, èyí tó ní rọ́bà pẹlẹbẹ nínú tó ń fa epo fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bààlúù fi lè dojú dé tí ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ agégi ṣe níbí àti lọ́nà igbó J4 mọ inú rẹ̀ ju oní-jẹnẹrétọ̀ lọ. Asẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ. Tí ìdọ̀tí bá dí i díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ dáadáa nílẹ̀, á wá kú tó bá ń gun òkè, nígbà tó nílò epo jù.

* * *

Ọmọ Alárè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Rọ́bà epo tó bá a wá ńkọ́? Funfun ni, ó sì rọ̀ dáadáa.

* * *

Jẹnẹrétọ̀ Òkè-Àgbò

Tó bá jẹ́ silicone, jù ú nù. Ti ẹ́ńjìnnì nitro nìyẹn, èyí tí kì í lo pẹtiróòlù. Pẹtiróòlù á wú u, á sì já nínú táńkì níbi tí ojú ò tó. Rọ́bà Tygon aláwọ̀ ìyeyè ni kó o wá. Rọ́bà tó dí ẹnu táńkì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún pẹtiróòlù.

Táńkì 500 ml tó. Rọ́bà mẹ́ta ló máa jáde: ọ̀kan lọ sí kábúrétọ̀, ọ̀kan fún atẹ́gùn, ọ̀kan tí wàá máa fi rọ epo, tí wàá sì dí lẹ́nu lẹ́yìn náà. Ti atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kan òkè táńkì nínú. Níta, gbé e gba orí táńkì kọjá lẹ́ẹ̀kan kó tó sọ̀ kalẹ̀ jáde lábẹ́ bààlúù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á máa fà jáde fúnra rẹ̀ tí bààlúù bá wà nílẹ̀. Irin tó ń fa epo nínú táńkì gbọ́dọ̀ lè yí káàkiri láìfara kan ẹ̀yìn táńkì, fi àlàfo mílímítà márùn-ún sílẹ̀. Fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ di gbogbo orí rọ́bà. Táńkì fúnra rẹ̀, orí fóòmù ni kó wà, kó má fara kan igi, torí tó bá ń gbọ̀n mọ́ igi, epo inú rẹ̀ á máa hó, kábúrétọ̀ á wá máa fa atẹ́gùn.

* * *

Alábẹ́rẹ́ Ṣàgámù

Ọkùnrin àti ẹ́ńjìnnì! Kò sẹ́ni tó dárúkọ ínjì, èyí tó so etí apá tó ń lọ sókè sódò mọ́ apá, ínjì sì ló ń já lókè.

Àmọ́ ike aláwọ̀ ni màá kọ́kọ́ mú, torí ọmọ yìí máa tó pariwo pé wọ́n ta ògbólógbòó fún òun. Igi balsa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò ní ìlú wa, á wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì, ike tó le gbagidi tẹ́lẹ̀ á sì hun. Kò sóhun tó ṣe é. Áyọ́ọ̀nù kékeré ti iṣẹ́ yìí ni kó o fi tún un ṣe. Nǹkan bí 100°C ni kó o kọ́kọ́ fi tẹ gbogbo etí ike àti gbogbo ojú ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá gbé e sí nǹkan bí 150°C fún àárín kó lè fà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa àárín, etí á ṣí sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fi aṣọ òwú wé ojú áyọ́ọ̀nù kó má ha ike, sì dán an wò lórí àjákù kó o tó kan bààlúù. Inú mọ́tò tí wọ́n ti ti gíláàsì rẹ̀ sínú oòrùn kì í ṣe ibi ìpamọ́ bààlúù, àgàgà èyí tó ní àwọ̀ dúdú tàbí pupa.

Ínjì wàyí. Irú bààlúù ńlá báyìí, ínjì onípíìnì ni, tó rí bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọláńgidi. Fi báàsìlíìnì díẹ̀ sójú ibi tó ti ń ṣẹ́ kí epoxy má baà wọ ibẹ̀. Bu epoxy sínú ihò pẹ̀lú igi ìtayín, ti ínjì wọlé, kí píìnì rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà láti òpin dé òpin. Tí ọ̀kan bá wọ́, etí apá á máa le lọ́wọ́ servo, bátìrì á sì máa tètè tán. Máa ṣí i, máa pa á dé títí epoxy á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àlàfo tó kù láàárín apá àti etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó mílímítà kan. Lẹ́yìn náà, lẹ ike tí a lè rí inú rẹ̀ mọ́ ojú àlàfo yẹn látìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fo èyí, wọ́n ní ẹwà lásán ni. Kì í ṣe ẹwà. Atẹ́gùn tó ń gba àárín kọjá ló ń jẹ́ kí etí apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì tí bààlúù bá ń sáré wálẹ̀, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí á fi já.

* * *

Wáyà Méjì, Àgọ́-Ìwòyè

Àǹtí ti sọ òótọ́, àmọ́ ínjì nìkan kọ́ ló ń fa gbígbọ̀n rìrì yẹn. Apá servo tó ń mì jẹ́jẹ́ tàbí ọ̀pá tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ máa ṣe é bákan náà. Servo onírin nínú ni kó o lò, tó lágbára tó 20 kg·cm fún apá kọ̀ọ̀kan àti ìrù títẹ́ kọ̀ọ̀kan; ti ìrù òró, wá èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá aluminium ló máa wà lórí servo, kì í ṣe ike tó bá a wá. Ihò tí wàá fi de servo mọ́ igi, fi dírìlì mílímítà 1.5 lù ú, fi skúrúù wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yọ ọ́, kán super glue tó ṣàn sínú ihò, jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kó o tó dá skúrúù padà. Bàbà kékeré tó ń wọ inú rọ́bà servo, ibi tó fẹ̀ nínú rẹ̀ ni kó kọjú sí igi. Tí wọ́n bá fi ibi tó fẹ̀ sókè, skúrúù á rì wọ rọ́bà.

Bátìrì: mẹ́ta. LiFe 2S (bátìrì lithium onísẹ́ẹ̀lì méjì) méjì, 6.6 volt, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò dín ní 2,000 mAh, kí wọ́n lọ sínú receiver, ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú bààlúù, olúkúlùkù pẹ̀lú súwíìṣì tirẹ̀. Ẹ̀kẹta fún iná plọ́ọ̀gì nìkan, òun náà ní súwíìṣì tirẹ̀. Ẹni tó ní ẹyọ kan tó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló máa ṣe tí súwíìṣì bá kú lókè. Súwíìṣì ni mo sọ o, torí òun ló ń bàjẹ́ ju bátìrì lọ.

* * *

Ẹyẹ Ìpẹru

Méjì fún receiver, mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni mi ò gbà. IBEC ti wà, tó ń fa iná plọ́ọ̀gì láti ara bátìrì receiver, tó sì ń sẹ́ ariwo iná náà kó má baà padà wọlé. Ẹ dín ìwúwo bátìrì kan, súwíìṣì kan, àti ohun kan tí èèyàn ní láti rántí sájì.

* * *

Wáyà Méjì

Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ fún ẹni tó ń ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, tí rìmóòtù bá ń já, ó sàn kó mọ̀ pé iná plọ́ọ̀gì àti receiver ò pàdé níbì kankan. Ìwúwo bátìrì yẹn náà, iwájú ló máa jókòó sí, iwájú sì sábà máa ń wá ìwúwo.

Ohun tí àwa méjèèjì ò ní jiyàn lé: súwíìṣì tí o lè fi pa iná plọ́ọ̀gì láti ọwọ́ rìmóòtù gbọ́dọ̀ wà, receiver náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá pàdánù rìmóòtù, kí òun pa ẹ́ńjìnnì. Kó o ka ara àpótí iná plọ́ọ̀gì. Tí wọ́n bá kọ 4.8–6V sí i, LiPo 2S, irú bátìrì lithium mìíràn, tó kún dé 8.4 volt á jó o. Kó o gbé àpótí náà síwájú, kí receiver wà lẹ́yìn ọ̀pá apá, kí àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ọ̀pá tó ń fa throttle (ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba eré), kó jẹ́ ike. Irin tó ń gún irin níwájú níbẹ̀ yẹn máa ń pariwo sí receiver.

Nípa sájì: LiFe kì í ṣe LiPo. Gbé sájà sí LiFe, 3.6 volt ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń kún dé, kì í ṣe 4.2. Iná jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ sókè sódò máa ń da sájà láàmú. Bátìrì mọ́tò 12 volt ló dáa jù láti fi gbé e tí NEPA bá ti mú iná lọ.

* * *

Ọmọ Alárè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀nà Ìlíṣàn ni kí n ti fò ó? Pápá kan wà níbẹ̀ tó tẹ́jú.

* * *

Ẹyẹ Ìpẹru

Rárá o. Pápákọ̀ òfurufú Gateway wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, má gbé nǹkan oníkílò méje sókè lágbègbè yẹn. Kódà níbòmíì, wádìí àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú àti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ná, torí wọn ò fojú ṣeréṣeré wo ohun tó ń fò láìní awakọ̀ nínú. Tó o bá ti rí ìwé, bá àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kó o sì wá ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa dá àwọn ọmọdé dúró lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sá wá.

* * *

Jẹnẹrétọ̀ Òkè-Àgbò

Ká padà sí ẹ́ńjìnnì, kò tíì jókòó. Gbogbo bóòtì irin tó wọ inú irin, fi spirit nu ọ́ìlì ara rẹ̀, kán Loctite aláwọ̀ búlúù sí i. Má kán an sórí ohun tó jẹ́ ike, á là á. Bóòtì tó gba inú pátákó iwájú, fi wáṣà tó fẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà rì wọnú igi.

Abẹ̀bẹ̀ onígi ń gbẹ, ó sì ń sún kì bíi ti igi yòókù. Lẹ́yìn táńkì àkọ́kọ́, tún bóòtì rẹ̀ dè. Lásìkò ọyẹ́, tún un dè ṣáájú gbogbo fífò. Dè é ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, má dè é yípo. Ihò tí atẹ́gùn gbóná ń gbà jáde lábẹ́ ìbòrí gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èyí tó ń gbà wọlé. Wọ́n sábà máa ń fi èyí sílẹ̀ láìgé, wọ́n á wá máa bú kábúrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú nítorí ooru.

Ìtanná àkọ́kọ́: so ìrù mọ́ òpó pẹ̀lú okùn, kí ẹnì kejì di ara mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró sí ìhà ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀, kò sì sí agbádá, kò sí ẹ̀gbà ọrùn. Abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ méjèèjì, L (fún ìró jẹ́jẹ́) àti H (fún eré), sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní yíyí kan àbọ̀ láti ibi tó ti dí. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló láṣẹ. Pa ṣókì dé, tan iná plọ́ọ̀gì, ṣí throttle díẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kó o ta abẹ̀bẹ̀ títí á fi ró gbì lẹ́ẹ̀kan. Ṣí ṣókì, tún ta á, á mú. Tó o bá gbọ́ gbì yẹn tí o kò ṣí ṣókì, epo á bo plọ́ọ̀gì, wàá ta á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

L ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, kó lè dúró jẹ́jẹ́, kó sì dìde láìkọ́sẹ̀ tó o bá ṣí throttle. H tẹ̀ lé e: dí i díẹ̀díẹ̀ títí ìró á fi ga jù, kó o wá ṣí i padà ní ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ níbi tí ìró ti ga jù ń wá ooru.

* * *

Ọmọ Alárè

Mo ti gbé gbogbo nǹkan sáyè wọn láìtíì lẹ̀ wọ́n. Ìrù wúwo. Ṣé òjé ni kí n lẹ̀ mọ́ iwájú? Báwo sì ni etí apá àti ìrù ṣe máa yí tó?

* * *

Alábẹ́rẹ́ Ṣàgámù

Òjé kẹ̀, nígbà tí bátìrì mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ! Kó wọn lọ sínú àpótí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wúwo jù. Kí táńkì ṣófo tó o bá ń wọ̀n ọ́n, torí bí epo bá ṣe ń tán ni ìrù á máa wúwo sí i. Ibi tí ìwé bààlúù rẹ sọ ni kó ti dọ́gba. Lára irú èyí, ó sábà máa ń wà nítòsí ọ̀pá apá. Fún fífò àkọ́kọ́, gbé e síwájú díẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Tún gbé e ní imú àti ìrù wò bóyá apá kan wúwo ju ìkejì lọ, kó o lẹ ìwọ̀nba gíráàmù mọ́ orí apá tó fúyẹ́.

Yíyí rẹ̀: fún àkọ́kọ́, ìrù títẹ́ 12° sí 15°, etí apá 20°, ìrù òró 25° sí 30°, pẹ̀lú expo (ohun tó ń mú kí rìmóòtù rọ̀ láàárín) 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. 45° tí àwọn tó ń dárà máa ń lò nínú fídíò, gbé e sí súwíìṣì kejì pẹ̀lú expo 60, má sì fọwọ́ kàn án títí wàá fi mọ bó ṣe ń bà. Kó o tó gbé e jáde, fa apá méjèèjì síta pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn tó o bá ti de bóòtì wọn. Bóòtì ike tí kò ní wáṣà níbẹ̀ máa ń tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, apá á sì yọ lórí ọ̀pá rẹ̀ lókè.